Àkàbà Tí Kò Fara Ti Ògiri

Bàbá mi kò rí òkun rí.
Ọ̀nà Ọ̀dà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, l'Ákùrẹ́,
níbi tí eruku pupa ti ń bà sínú kọ́ọ̀pù tó fi ń mumi.
Géètì ló máa ń jó, àti irin fèrèsé, àti àga ilé-ìwé,
títí ọjọ́ tí Ọmọtẹ́hìnwá dé láti Igbókòdá
pẹ̀lú okùn jíjá nínú àpò sìmẹ́ǹtì.

Ó dà á sílẹ̀ bí ẹni da òkú ejò.
"Àkàbà okùn la fi ń gun ọkọ̀ wa," ó ní.
"Àbúrò mi ló gùn ún kẹ́yìn.
Ọkọ̀ ńlá sún síwájú, ọ̀pẹẹrẹ sún sẹ́yìn,
òun ló kù láàárín."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Bàbá mi pa iná ẹ̀rọ.
Ó bu omi fún un, ó jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè, bí aránṣọ tó ń wọn aṣọ:
Báwo ni ìhà ọkọ̀ ṣe ga tó?
Ẹsẹ̀ lásán ni àbí bàtà?
Ọwọ́ wo lẹ fi ń gbé ẹja?
Ta ló sanra jù nínú yín?

Ó ní irin á wúwo, irin á dípẹtà,
iyọ̀ òkun kì í wojú ẹnikẹ́ni.
Alumíníọ́ọ̀mù ló lọ rà ní Ìsìnkàn,
kí ọmọdé lè fi èjìká kan gbé e láti ọkọ̀ dé ọkọ̀.
Ó tẹ ìkọ́ méjì sí i lórí,
ó fi rọ́bà táyà wé wọn kí wọ́n má baà họ ọkọ̀ lára.
Ó fún un ní ẹsẹ̀ kúkúrú méjì nísàlẹ̀,
tí yóò máa ti ara ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀
kí ìka ẹsẹ̀ lè rí ibi wọ̀.
Àkàbà tiwa ń fara ti ògiri, ó ní,
tiwọn ń fara ti ohun tó ń mì.
Ó da iyanrìn sórí ọ̀dà tútù lójú ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
"Ibi tó bá ń yọ̀ ti la ẹnu sílẹ̀."

Èmi ni mo di téèpù mú.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọn àlàfo kan náà.
Ẹni tó ti rẹ̀ kì í ka iye, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kà á;
bí ọ̀kan bá jìn ju èkejì lọ,
a ti parọ́ fún un nínú òkùnkùn.

Ó fi kọ́ etí dẹ́kì ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí,
ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.
Ó pe Ìyá Fálọ́dún tó ń ta sìmẹ́ǹtì;
ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó gùn ún.
"Wẹ́dà, omi dà?" làwọn tó ń kọjá ń wí.
"Ọkọ̀ dà?"

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, a gbé e dé Igbókòdá.
Bàbá mi wo omi títí.
Wọ́n ní èyí kọ́ ni òkun,
òkun ṣì wà níwájú.
Ó ní èyí tó òun.

Ọmọkùnrin kan gun àkàbà náà, agbọ̀n edé léjìká,
kò wo ìsàlẹ̀, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"O rí i?" bàbá mi sọ sí mi létí.
"Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."
Wọ́n ní kí òun náà gùn ún.
Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e.
Ọkọ̀ mí.
Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọtẹ́hìnwá nìkan ló dúró tì í.
Ó fọwọ́ pa iyanrìn ìtẹ̀sẹ̀ kẹrin,
bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ tó sùn.
Ibẹ̀ ni okùn ti já.

A ti kọjá Òkìtìpupa
kí bàbá mi tó bèèrè bóyá mo mú téèpù.
Mo ní mo fi sílẹ̀ fún wọn.
Ó ní ó dáa.